Iná jó sẹ́fà, okùn já lábẹ́ òkun: irinṣẹ́ wo ló yẹ ká fi ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ lórí Linux?

Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án ọdún 2025, iná ṣẹ́ ní ilé tí ìjọba Kòríà Gúúsù ń kó sẹ́fà rẹ̀ sí ní ìlú Daejeon. Bátìrì lithium ni iná náà ti bẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ ìjọba tó ju 600 lọ ló dúró lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Èyí tó burú jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ti àpótí kan tí wọ́n ń pè ní G-Drive, níbi tí àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ń kó ìwé iṣẹ́ wọn sí. Terabyte 858 ló jóná ráúráú, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ kankan níbòmíràn. Ìdí tí wọ́n fi ṣàlàyé ni pé àpótí náà ti tóbi jù láti máa ṣe ẹ̀dà rẹ̀. Àwọn baba wa máa ń sọ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i. Ti Daejeon yìí, eérú nìkan ló bù sí i.

Kí ló kàn wá níbẹ̀?

Ẹ má sọ pé Kòríà jìnnà sí wa. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 yẹn kan náà ni Microsoft fòpin sí ìtọ́jú Windows 10 fún gbogbogbòò. Púpọ̀ nínú kọ̀ǹpútà tí à ń lò láti Kútọnu dé Lomé, "occasion" tó wọlé láti Yúróòpù ni. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò lè gba Windows 11, nítorí pé Windows 11 ń béèrè ẹ̀rọ ààbò tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0, ó sì tún ń ṣa processor tó wù ú. Ẹni tí kò bá lówó láti ra òmíràn, ọ̀nà tó kù fún un ni kó máa lo Windows 10 tí kò ní ìtọ́jú mọ́, tàbí kó gbé Linux sí i. A kì í ṣe ẹni àkọ́kọ́ tó máa rìn ín: àwọn gendarme ilẹ̀ Faransé ti ń lo Ubuntu tiwọn láti ọdún 2008, ìlú Lyon náà sì kéde ní oṣù kẹfà ọdún 2025 pé òun ń bọ́ kúrò lọ́wọ́ Microsoft díẹ̀díẹ̀.

Linux dára, ọ̀fẹ́ ni, ó sì fẹ́ràn kọ̀ǹpútà àgbà. Ṣùgbọ́n Linux ò lè sọ dísìkì ọdún mẹ́wàá di tuntun. Bí dísìkì bá kú, ó kú náà nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tó wà nínú àwọn kọ̀ǹpútà yìí: máàkì àwọn ọmọ ilé ìwé, àkọsílẹ̀ ẹgbẹ́ èésú, ìwé ilẹ̀ tí wọ́n yà ní fọ́tò, ètò rédíò ìlú, àti ohùn àwọn àgbà. UNESCO kéde Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ní ọdún 2001 gẹ́gẹ́ bí ogún aráyé, wọ́n sì kọ ọ́ sínú ìwé àkójọ ní ọdún 2008 ní orúkọ Bẹ̀nẹ̀, Nàìjíríà àti Tógò. Ìwé àkójọ yẹn ò lè pa ohùn ẹnì kan mọ́ fún wa. Ẹni tó kọ orin Ẹ̀fẹ̀ ní òru ọjọ́ kan ní Kétu, tí wọ́n gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, tó sì ti lọ sí ọ̀run, bí fáìlì yẹn bá sọnù, ta la máa lọ bá pé kó tún un kọ? Ìdí rèé tí ọ̀rọ̀ irinṣẹ́ ẹ̀dà ìpamọ́, ohun tí àwọn ọmọ wa tó kàwé ń pè ní sauvegarde, fi kúrò ní ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ nìkan.

Ohun tí kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́

Ká tó dárúkọ irinṣẹ́, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ yọ ẹ̀gún kan kúrò lẹ́sẹ̀. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló rò pé àwọn ní ẹ̀dà, tí wọn ò sì ní.

Dísìkì méjì tó ń kọ nǹkan kan náà pọ̀, èyí tí wọ́n ń pè ní RAID, kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́. Ó máa gbà yín bí dísìkì kan bá kú, lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi àṣìṣe pa fáìlì kan rẹ́, dísìkì méjèèjì á pa á rẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Bí olè bá gbé kọ̀ǹpútà lọ, ó gbé méjèèjì lọ nìyẹn.

Nextcloud, Syncthing, Google Drive àti irú wọn náà kì í ṣe ẹ̀dà ìpamọ́ bí ẹ bá lò wọ́n lásán. Iṣẹ́ tiwọn ni kí wọ́n mú kí ibi méjì jọra. Bí ibì kan bá bàjẹ́, wọ́n á yára mú kí ibì kejì bàjẹ́ jọ ọ́. Lóòótọ́, àwọn kan nínú wọn ń tọ́jú ẹ̀yà fáìlì àtijọ́ fún ọjọ́ díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má fi ogún ìlú lé ọjọ́ díẹ̀ lọ́wọ́.

Timeshift ńkọ́? Ẹni tó bá lo Linux Mint mọ̀ ọ́n. Ó wúlò gan-an, ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iṣẹ́ rẹ̀ dáadáa: ètò Linux fúnra rẹ̀ ló ń tọ́jú, kì í ṣe ìwé yín. Bí ẹ kò bá yí i padà, kì í kan fáìlì tó wà nínú /home rárá. Tí àtúnṣe kan bá ba ẹ̀rọ jẹ́ lónìí, Timeshift á dá a padà sí bó ṣe wà lánàá. Ẹni tó bá gbára lé e fún fọ́tò ìgbéyàwó ti gbára lé ìgbẹ́kùn ìsọ̀ tó já.

Àwọn snapshot tí Btrfs àti ZFS ń ṣe náà, inú dísìkì kan náà ni wọ́n ń gbé. Wọ́n máa ń yọ èèyàn nínú àṣìṣe ọwọ́. Wọn ò lè yọ yín nínú iná.

Ẹ̀kọ́ mẹ́rin tí ayé ti fi owó iyebíye kọ́

Ẹ̀kọ́ kìíní wá láti Strasbourg. Ní òru ọjọ́ 10 oṣù kẹta ọdún 2021, iná jó ilé sẹ́fà OVH kan tí wọ́n ń pè ní SBG2 pátápátá. Kò pa ẹnikẹ́ni, ọpẹ́ ni. Ilé iṣẹ́ Netcraft kà á pé ojúlé wẹ́ẹ̀bù bíi mílíọ̀nù 3.6 ló kúrò lórí afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ ojúlé onífaransé ló wà níbẹ̀. Àwọn oníbàárà kan sanwó fún ẹ̀dà ìpamọ́, àmọ́ nígbà tí iná kú tán ni wọ́n mọ̀ pé ẹ̀dà àti ojúlówó jọ ń gbé ọgbà kan náà. Ní ọdún 2023, ilé ẹjọ́ ìṣòwò ní Lille dá oníbàárà kan láre ní ìdájọ́ àkọ́kọ́ lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹ̀bi lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́, fáìlì tó jóná ò kúkú padà wá. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: ẹ béèrè ìlú tí ẹ̀dà yín ń gbé.

Ẹ̀kọ́ kejì wá láti ọ̀dọ̀ GitLab. Ní ọjọ́ 31 oṣù kìíní ọdún 2017, nígbà tí ilẹ̀ ti ṣú, òṣìṣẹ́ kan tó ti rẹ̀ pa àkójọ database rẹ́. Ó rò pé sẹ́fà kejì lòun wà, sẹ́fà àkọ́kọ́ ló wà. Nǹkan bíi gigabyte 300 ló ń lọ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n wá ẹ̀dà lọ, ọ̀nà márùn-ún ni wọ́n ti tò kalẹ̀, kò sí èyí tó jẹ́ bó ṣe yẹ. Èyí tó yẹ kó máa lọ sínú ìpamọ́ Amazon ṣófo, nítorí pé pg_dump tí wọ́n ń lò kò bá ẹ̀yà PostgreSQL wọn mu. Ìméèlì tó yẹ kó kìlọ̀ fún wọn kò wọlé. Ẹ̀dà kan tí òṣìṣẹ́ kan ti fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ní wákàtí mẹ́fà ṣáájú ló kó wọn yọ. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: ẹ̀dà tí ẹnikẹ́ni kò tíì dá padà rí, ìrètí lásán ni.

Ẹ̀kọ́ kẹta wá láti Yunifásítì Kyoto ní Jàpáànù. Láàárín oṣù Kejìlá ọdún 2021, ètò tó yẹ kó máa ṣe ẹ̀dà gan-an ló pa fáìlì àwọn olùwádìí rẹ́: terabyte 77, fáìlì bíi mílíọ̀nù 34. Wọ́n ṣe àtúnṣe sí script náà nígbà tó ṣì ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́, ló bá ya bàrà. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: script tí ẹnì kan fọwọ́ hun lọ́dún kìn-ín-ní àná, tí kò sẹ́ni tó yé mọ́, ewu ni.

Ẹ̀kọ́ kẹrin, ọ̀dọ̀ wa níbí ló ti ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 14 oṣù kẹta ọdún 2024, okùn mẹ́rin já nínú òkun ní agbègbè Abidjan: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Bẹ̀nẹ̀, Gánà, Nàìjíríà, Côte d'Ivoire àti àwọn mìíràn bá a lọ. Ẹni tí gbogbo ìwé rẹ̀ wà lókè òkun nìkan, ó jókòó, ó ń wo òkè. Ẹ̀kọ́ ibẹ̀: ẹ̀dà òkèèrè dára, ó sì yẹ kí ọ̀kan wà nítòsí.

Ẹ pa mẹ́rẹ̀ẹ̀rin pọ̀, ẹ ó rí òfin tí àwọn onímọ̀ ń pè ní 3-2-1: kí nǹkan kan wà ní ẹ̀dà mẹ́ta, lórí irú ìpamọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kí ọ̀kan sì wà níbòmíràn tó jìnnà sílé. Ọ̀nà kan ò wọ ọjà, bẹ́ẹ̀ ni ibì kan ò tó pa ogún mọ́.

Àwọn irinṣẹ́ fúnra wọn

Láyé àtijọ́, tar àti rsync ni gbogbo ayé mọ̀. rsync jáde ní ọdún 1996, ó sì ṣì wúlò títí dòní fún gbígbé fáìlì láti ibì kan sí ibòmíràn. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fi --delete sí i, ohunkóhun tó bá kúrò níbí á kúrò lọ́hùn-ún. Òun fúnra rẹ̀ kì í tọ́jú ìtàn fáìlì, kì í sì í fi kọ́kọ́rọ́ tì í níbi tó gbé e sí. rsnapshot gun orí rsync láti tọ́jú ẹ̀dà ọjọ́ púpọ̀, ó sì ń ṣe é dáadáa, àmọ́ kò ní kọ́kọ́rọ́ náà.

Ohun mẹ́ta ló ya àwọn irinṣẹ́ òde òní sọ́tọ̀. Èkíní, wọ́n ń gé fáìlì sí wẹ́wẹ́, wọn kì í sì í kó wẹ́wẹ́ kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ lè ní ẹ̀dà ọgbọ̀n ọjọ́ láìlo àyè ọgbọ̀n ìlọ́po. Èkejì, wọ́n ń ti gbogbo rẹ̀ pa pẹ̀lú kọ́kọ́rọ́ kó tó kúrò nínú kọ̀ǹpútà yín, kí ẹni tó ni sẹ́fà má lè kà á. Ẹ̀kẹta, ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan dá dúró lójú yín: ẹ lè mú ti ọjọ́ Ẹtì tó kọjá láì kọ́kọ́ to ti Ajé, Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú jọ.

BorgBackup ni ká kọ́kọ́ mú. Láti ara irinṣẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Attic ló ti yà jáde ní ọdún 2015. Ó yára, ó ń fún nǹkan pọ̀ kó kéré, kì í sì í jẹ àyè. Ibi tó ti wù wá jù ni láàárín kọ̀ǹpútà Linux méjì tó ń bára wọn sọ̀rọ̀ nípa SSH. Ibi tó ti ń tini ni pé ó fẹ́ kí Borg wà lọ́hùn-ún náà, kò sì dára kí kọ̀ǹpútà púpọ̀ jọ máa kó nǹkan sí àpótí kan ṣoṣo, nítorí wọ́n á máa dúró de ara wọn lẹ́nu ọ̀nà. Ẹni tí kò fẹ́ máa kọ àṣẹ gígùn lè fi borgmatic kún un, ẹni tó fẹ́ fèrèsé àti bọ́tìnnì lè lo Vorta. Borg 2 ṣì wà ní ìdánwò nígbà tí à ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, ẹ dúró sí ìran 1 fún iṣẹ́ gidi.

Restic ló tẹ̀ lé e. Èdè Go ni wọ́n fi kọ ọ́, fáìlì kan ṣoṣo ni gbogbo rẹ̀: ẹ gbé e sórí clé USB, ó ti ṣetán. Ó lè kó ẹ̀dà sórí disque dur, sórí sẹ́fà nípa SFTP, sínú ìpamọ́ irú S3, Backblaze B2, Azure, Google, ó sì lè gba inú rclone dé ọ̀pọ̀ ibòmíràn. Kọ̀ǹpútà púpọ̀ lè jọ lo àpótí kan, kó má sì kó ohun kan náà lẹ́ẹ̀mejì láàárín gbogbo wọn. Kò gba ẹnikẹ́ni láyè láti ṣe ẹ̀dà láìsí kọ́kọ́rọ́. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń fi àìfún-nǹkan-pọ̀ bú u, ṣùgbọ́n láti ẹ̀yà 0.14 ti ọdún 2022 ló ti ń ṣe é.

Kopia jọ Restic púpọ̀. Go ni wọ́n fi kọ òun náà, ó ní kọ́kọ́rọ́, ó sì ń lọ sí ibi púpọ̀. Ohun tó fi yàtọ̀ ni KopiaUI, ojú tó ní bọ́tìnnì tí ẹni tí kò mọ terminal lè tẹ̀.

Déjà Dup ló wà fún ilé. Bọ́tìnnì díẹ̀ ni, ẹ yan àpò fáìlì, ẹ yan dísìkì, ó parí. Duplicity ló ti ń lò lábẹ́lẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, Restic náà sì ti wọ inú rẹ̀. Duplicity ní tirẹ̀ ń to ẹ̀dà bí ẹ̀wọ̀n: odindi kan níwájú, àwọn ìyàtọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Bí ojú ẹ̀wọ̀n kan bá já láàárín, ohun tó so mọ́ ọn lẹ́yìn dàrú. Ẹni tó bá ń lò ó gbọ́dọ̀ máa ṣe odindi tuntun látìgbàdégbà.

Fún ilé iṣẹ́ tó ní ẹ̀rọ púpọ̀ nínú ẹ̀rọ kan, Proxmox Backup Server wà, Bacula sì ti wà tipẹ́. Àwọn yẹn fẹ́ ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ilé ìwé àti rédíò kékeré ò nílò wọn.

Ina tó ń lọ, connexion tó ń fà

Ọ̀pọ̀ ìwé tó ń fi irinṣẹ́ wọ̀nyí wéra, ẹni tí iná rẹ̀ kì í lọ ló kọ ọ́. Àwa ní láti fi ojú tiwa wò ó.

Bí ẹ bá ní kí ẹ̀dà máa ṣẹlẹ̀ ní agogo méjì òru nípa cron, tí iná sì lọ ní agogo kan, cron ò ní rántí mọ́. Ó di ọ̀la. Bí iná bá ń lọ lóru lóru, oṣù kan lè kọjá kí ẹ má ní ẹ̀dà kankan, kò sì sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Nítorí náà, timer ti systemd ni kí ẹ lò, kí ẹ kọ Persistent=true sínú rẹ̀. Nígbà tí iná bá dé, tí ẹ̀rọ bá jí, á rí i pé òun jẹ gbèsè, á sì san án. anacron náà ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn.

Bí iná bá lọ nígbà tí ẹ̀dà ń lọ lọ́wọ́ ńkọ́? Borg máa ń fi àmì sílẹ̀ lójú ọ̀nà, ní ìṣẹ́jú 30 sí ìṣẹ́jú 30 bí ẹ kò bá yí i padà, kó lè bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé. Restic náà, tí ẹ bá tún un pè, á yẹ fáìlì wò láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n púpọ̀ jù nínú ohun tó ti dé ọ̀hún kò ní tún connexion san. Fún ẹni tó ń ra forfait, èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ kékeré.

Ẹ̀dà àkọ́kọ́ ló wúwo jù, nítorí gbogbo nǹkan ló ń lọ. Ẹ ṣe ti àkọ́kọ́ sórí disque dur nílé. Tí ẹ bá fẹ́ gbé òmíràn lọ sókè òkun, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àpò tó ṣe pàtàkì jù, kì í ṣe fíìmù. Ẹ lo --limit-upload nínú Restic kí àwọn ará ilé yòókù lè rí connexion lò. Lẹ́yìn ti àkọ́kọ́, ìyàtọ̀ ojoojúmọ́ nìkan ló kù, ìyẹn ò sì tó nǹkan fún ìwé àti àkọsílẹ̀.

Bí íntánẹ́ẹ̀tì kò bá ṣeé gbójú lé rárá, "ibòmíràn" nínú òfin 3-2-1 lè má jẹ́ òkè òkun. Ó lè jẹ́ disque dur kan tí ẹ̀gbọ́n yín ń tọ́jú ní Ṣábẹ̀ẹ́ nígbà tí kọ̀ǹpútà wà ní Àjàṣẹ́. Ẹ ní méjì, kí ẹ máa pààrọ̀ wọn: ọ̀kan lọ, ọ̀kan bọ̀, nígbàkigbà tí ẹnì kan bá ń rìnrìn àjò. Okùn tó já nínú òkun kò kan ọkọ̀ Ṣábẹ̀ẹ́.

Ohun kan tún wà. Ọ̀pọ̀ disque dur tí à ń rà ni wọ́n ti ṣe fún Windows, ní NTFS tàbí exFAT. Bí ẹ bá fi ọwọ́ da fáìlì Linux sórí wọn, orúkọ ẹni tó ni fáìlì àti àṣẹ tó wà lórí rẹ̀ lè sọnù. Restic àti Borg ń kọ ìwọ̀nyẹn sínú àpótí tiwọn, nítorí náà wọ́n á padà bí wọ́n ṣe wà.

Bákan náà, ẹ má ṣe ẹ̀dà fáìlì MySQL tàbí PostgreSQL nígbà tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹ kọ́kọ́ fi mysqldump tàbí pg_dump tú u jáde sínú fáìlì kan, kí ẹ wá ṣe ẹ̀dà fáìlì yẹn.

Ta ló ni kọ́kọ́rọ́?

Kọ́kọ́rọ́ ń dáàbò bo yín, ó sì lè ti yín mọ́ta. Lọ́dọ̀ Restic, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ aṣínà nù ti sọ gbogbo ẹ̀dà nù. Kò sí ilé iṣẹ́ tí ẹ máa pè, kò sí "mo gbàgbé" láti tẹ̀. Tó bá jẹ́ pé ọ̀gá kan ṣoṣo ló mọ̀ ọ́n ní ilé ìwé, tó wá lọ sí ibi iṣẹ́ mìíràn, tàbí tí ọlọ́jọ́ dé, ẹ̀dà wà, kò ṣeé ṣí. Ẹ kọ ọ́ sórí ìwé. Ẹ fi sínú àpòòwé méjì, kí ẹni méjì tí kò gbé ilé kan náà tọ́jú wọn.

Òfin náà wà níbẹ̀. Ní Bẹ̀nẹ̀, òfin 2017-20 ti ọjọ́ 20 oṣù kẹrin ọdún 2018, èyí tí a mọ̀ sí Code du numérique, sọ̀rọ̀ lórí ààbò ìròyìn ara ẹni, àjọ APDP ló sì ń bójú tó o. Tógò ní tirẹ̀, òfin 2019-014 ti ọjọ́ 29 oṣù kẹwàá ọdún 2019. Orúkọ ọmọ ilé ìwé, àkọsílẹ̀ aláìsàn, owó ẹlẹ́gbẹ́: disque dur tó ní irú èyí, tí kò ní kọ́kọ́rọ́, tó bọ́ sílẹ̀ lórí zémidjan, ọ̀rọ̀ rẹ̀ lè dé iwájú òfin.

Ẹ tún rántí àwọn ọ̀daràn tó ń ti fáìlì èèyàn pa kí wọ́n tó béèrè owó. Ẹ̀dà ni wọ́n ń kọ́kọ́ wá láti bà jẹ́. Borg 1 àti rest-server ti Restic ní ipò append-only: kọ̀ǹpútà lè fi ẹ̀dà kún ẹ̀dà, kò lè pa ti àná rẹ́. Disque dur tí wọ́n ti yọ lára ẹ̀rọ, òun náà kò ṣeé fọwọ́ kàn láti òkèèrè. Ẹ má fi í há ara kọ̀ǹpútà lọ́sàn-án lóru.

Ibi tí a dúró sí

Bí ẹ bá bi wá léèrè, ìdáhùn wa rèé. Ẹni tó ní kọ̀ǹpútà kan nílé, tí kò fẹ́ terminal: Déjà Dup sórí disque dur, kí Timeshift máa tọ́jú ètò Linux lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ilé ìwé, cyber tàbí rédíò tó ní kọ̀ǹpútà púpọ̀: Restic, nítorí pé ó rọrùn láti gbé kiri, ó gba gbogbo ẹ̀rọ sínú àpótí kan, ó sì lè lọ sórí dísìkì lónìí kó lọ sókè òkun lọ́la láìyí ohun tí ẹ ti kọ́ padà. Ẹni tó ní sẹ́fà Linux méjì tó mọ SSH dáadáa: Borg, kò ní jáni kulẹ̀. Ẹ tọ́jú ẹ̀dà ojoojúmọ́ 7, ti ọ̀sẹ̀ 4, ti oṣù 12. Restic ń gba irú ìlànà yìí pẹ̀lú àṣẹ forget, Borg ń gbà á pẹ̀lú prune.

Àwọn kan máa ní ọ̀nà tiwọn sàn jù, pé rsync ti ń tó àwọn láti ogún ọdún. A ò bá wọn jà. rsync tí ẹnì kan ń yẹ̀ wò lóṣooṣù sàn ju Restic tí wọ́n gbàgbé lọ. Ohun tí a kọ̀ ni pé kí orúkọ irinṣẹ́ di ìdáhùn nígbà tí ìbéèrè gidi jẹ́ mẹ́ta: ibo ni ẹ̀dà kejì wà? Ta ni ẹni kejì tó ní kọ́kọ́rọ́? Ìgbà wo la dá fáìlì kan padà kẹ́yìn?

Ti ẹ̀kẹta yìí ló ń pa èèyàn jù. Ẹ mú ọjọ́ kan lóṣù. Ẹ yan fáìlì kan, ẹ fi restic restore tàbí borg extract dá a padà sínú àpò òfìfo, ẹ ṣí i, ẹ gbọ́ ohùn tó wà nínú rẹ̀ tàbí kí ẹ ka máàkì tó wà nínú rẹ̀. Ní ẹ̀ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta, ẹ jẹ́ kí restic check --read-data tàbí borg check --verify-data ka gbogbo àpótí já. Kó jẹ́ ẹni tí kò tò ó sílẹ̀ ló máa ṣe é, kí ẹ lè mọ̀ bóyá ìwé tí ẹ kọ yé ẹlòmíràn.

Igi gànràngànràn má gún wa lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ìjọba tó lówó ní Kòríà wò ó nígbà tó ti wọ ojú. Àwa tí disque dur kan tó fún gbogbo ìwé wa, àwáwí pé ó tóbi jù kò sí lọ́wọ́ wa.